Ìtẹ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣí Sóòrùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kì í wá sí ilé mi. Láti Rowlett tó ń gbé, létí adágún omi nítòsí Dallas, dé DeSoto níbi tí àpátímẹ́ǹtì mi wà, ọ̀nà náà kò jìnnà púpọ̀ lórí fíríwè, ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń lọ bá a. Nítorí náà, nígbà tó pè mí ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù karùn-ún, tó ní òun ń bọ̀ wá gbé mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n lè mú òun lọ síbi tí mo ti ń fi kámẹ́rà ya ẹyẹ, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bá mi ṣeré ni.

"Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà ti ń ya ẹyẹ ni?"

"Kí ló dé? Ṣé ìwọ nìkan ni Ọlọ́run dá ẹyẹ fún?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọdún Àjíǹde, pásítọ̀ wa ní kí ẹni tó bá ní àwòrán ohun tí Ọlọ́run dá fi ránṣẹ́, kí wọ́n lè máa gbé e sójú tẹlifíṣàn ńlá iwájú ìjọ nígbà tí àwọn akọrin bá ń kọrin. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́. Ẹyẹ kékeré kan ni, tó bà sórí wáyà ẹlẹ́gùn-ún: orí rẹ̀ búlúù, àyà rẹ̀ pupa bí ata rodo, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Òyìnbó ní orúkọ tí wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n aláràbarà ni èmi ń pè é. Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ béèrè ẹni tó yà á, ó ní kí n dìde, mo sì dìde. Ìlà iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi wà, níbi tí àwọn olórí ẹgbẹ́ obìnrin máa ń jókòó sí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó sì yí ojú padà. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tó fi wò mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo yege ìdánwò nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tí òun ṣe títí kó tó bọ́ nínú rẹ̀.

Òun ló mú mi dé Amẹ́ríkà. Mo ní láti sọ ìyẹn, torí òun náà kì í gbàgbé láti sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé ilé rẹ̀. Mo wẹ àwọn ọmọ rẹ̀, mo gbọ́únjẹ, mo fọ abọ́, mo sì ń lọ sílé ìwé nọ́ọ̀sì nírọ̀lẹ́. Bí àlejò bá dé, á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ wò ó bó ṣe tutù yìí, èmi ni mo fà á jáde láti Ògbómọ̀ṣọ́." Títí di òní, bí mo bá ra bàtà tuntun, á ní, "Dallas ti gbà ọ́. Ta ló mú ọ débẹ̀?" Mo sì gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ẹ̀yin ni, Àǹtí." Bí n kò bá tíì dáhùn, kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọlé.

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta náà, ó ń fun fèrè ọkọ̀ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀, mo rí kámẹ́rà tuntun lórí àga ẹ̀yìn, lẹ́ńsì rẹ̀ gùn bí apá ènìyàn. Tèmi kéré sí i ní ìlọ́po méjì, ọwọ́ ẹlòmíràn ni mo sì ti rà á. Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà funfun báláú, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ kún inú ọkọ̀.

"Irú aṣọ wo lo wọ̀ yìí? O dà bí ẹni tó ń lọ ro oko."

"Oko là ń lọ, Àǹtí."

"Ṣáà jẹ́ kí n rí ẹyẹ aláwọ̀ púpọ̀ yẹn. Ìyókù kò kàn mí."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún un bí a ṣe tẹjú mọ́ ọ̀nà. Mo ní àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ibí. Ní ìgbà òtútù, ìhà Mẹ́síkò ni wọ́n ń gbé, ìgbà ìrúwé ni wọ́n máa ń fò padà wá síhìn-ín. Lóru ni wọ́n ń fò, òmíràn nínú àwọn ẹyẹ àtìpó bẹ́ẹ̀ a tilẹ̀ fo òkun kọjá láìsinmi. Bí wọ́n bá bà sílẹ̀, kò sí agbára lára wọn mọ́. Ẹyẹ tí kò wúwo ju ewé gbígbẹ mélòó kan lọ. Mo ní ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sún mọ́ wọn jù, tí a kì í pariwo.

Ó ní, "Mo ti wo fídíò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Ilẹ̀ tí a ń lọ jẹ́ ti màmá òyìnbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, níhà gúúsù, níbi tí ilé ti tán pátápátá tí títì sì di òkúta wẹ́wẹ́. Ibi iṣẹ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ láti ilé dé ilé ni mí. Egbò kan wà ní ojúgun màmá yìí tí kì í fẹ́ jiná, èmi ni mo sì ń wẹ̀ ẹ́, tí mo ń dì í. Nígbà kan tí mo kúnlẹ̀ tì í, mo gbójú sókè, mo rí aláràbarà lójú fèrèsé, mo sì gbàgbé báńdéèjì sọ́wọ́. Màmá náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ mi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó kú, bí ó bá rí wọn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró. Máa wá nígbà tí o bá ráyè. Ṣáà má dà wọ́n láàmú, ohun tí mo fẹ́ kò ju ìyẹn lọ." Láti ìgbà náà, bí ìgbà ìrúwé bá ti dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń wà ní ọjọ́ tí n kò bá ní iṣẹ́. Ọkọ mi ti kó lọ sí Houston nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń dúró dè mí nílé. Mo máa ń jókòó sínú koríko títí tí ẹyẹ á fi gbàgbé pé mo wà níbẹ̀, bí mo bá sì yà wọ́n tán, màgá à máa wo àwòrán náà lọ́wọ́ mi.

Màmá wà lórí àga ní ìta nígbà tí a dé. Mo kí i, mo fi ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kó lè fúnra rẹ̀ sọ ẹni tó jẹ́, mo padà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ láti lọ kó ẹrù sílẹ̀: kámẹ́rà méjèèjì, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé, àti omi. Mo ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti òkèèrè. Ẹ̀gbọ́n mi mọ òyìnbó í bá sọ̀rọ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ni ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń rọ̀ bí òwú bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo gbé gbogbo ẹrù dé ọ̀dọ̀ wọn, tí òógùn ti bò mí, màmá wò mí tìyanu-tìyanu.

Ó ní, "O kò sọ fún mi rí pé ọ̀gá rẹ ló ń ya ẹyẹ."

Mo rò pé ó fi ń ṣeré ni, torí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe múra. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Ọ̀gá mi ni lóòótọ́, Mà." Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ṣíwájú. Kò gbé nǹkan kan ju báàgì ọwọ́ rẹ̀ lọ.

Ojú ọjọ́ dára. Òjò ti rọ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, atẹ́gùn àríwá sì ti fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tó máa ń já àwọn ẹyẹ tó ń fò lọ́nà jíjìn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n wà níbi gbogbo, nínú igbó ẹlẹ́gùn-ún, lórí wáyà, nísàlẹ̀ pàápàá, tí wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ láìbìkítà. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ ìyeyè wà níbẹ̀. Aláràbarà kan wà lórí igi gbígbẹ tó máa ń kọrin sí, ó ń kọ ọ́ lákọ́tán kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo fọwọ́ han ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní kí ó jókòó, kó fara balẹ̀, ẹyẹ náà á máa sún mọ́ wa díẹ̀díẹ̀.

Bóyá ó jókòó fún ìwọ̀n àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi tán nínú ife. Ó dìde, ó yọ fóònù rẹ̀, ó gbé e sórí kùkùté kan, ó sì tẹ̀ ẹ́. Orin ẹyẹ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti inú fóònù, ó sì pariwo ju ti ẹyẹ lọ.

"Àǹtí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Á rò pé akọ mìíràn ló fẹ́ gba ilẹ̀ rẹ̀."

"Ìyẹn ni mo fẹ́ kó rò."

Ẹyẹ náà dákẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì já wálẹ̀ bí òkúta. Ó ń fi ẹnu ṣá fóònù, ó ń fi ìyẹ́ lù ú, ó fò sókè, ó tún padà. Kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi ń ró pàràpàrà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i pé ẹnu ẹyẹ náà ti là sílẹ̀, ó ń mí gúlegúle, ìyẹ́ rẹ̀ sì ti ṣí láìlè pa dé. Ìyẹ́ pupa kan já bọ́ lára rẹ̀. Mo na ọwọ́ láti pa fóònù náà, ẹ̀gbọ́n mi gbá ọwọ́ mi dànù.

"O fẹ́ ba tèmi jẹ́, àbí? O ti gba àtẹ́wọ́ tìrẹ."

Nígbà tí ó ti rẹ ẹyẹ náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó kàn dùbúlẹ̀ nínú koríko, tó ń wo fóònù láìlè jà mọ́, ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi tó pa fóònù náà. Ó yẹ àwọn àwòrán rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo rò pé ó ti tó. Mo ní kí a máa lọ.

N kò fi ìtẹ́ hàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló rí ìyá ẹyẹ, tí kò ní àwọ̀ kankan ju ti ewé lọ, tó gbé kòkòrò sẹ́nu wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún kan. Ó tẹ̀ lé e. Ìtẹ́ náà kò ga ju ìbàdí wa lọ, ó wà láàárín ewé dúdú, ọmọ mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀ tí ìhòòhò ara wọn ṣì ń dán, tí ojú wọn kò tíì là dáadáa. Ènìyàn lè kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Òkùnkùn pọ̀ jù." Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa sísọ́ọ̀sì ńlá tó fi ń gé òdòdó róòsì ilé rẹ̀ jáde.

Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti gé ẹ̀ka kan, ó ti gé èkejì. Oòrùn wọlé. Mo sáré dì í lápá.

"Àǹtí, ẹ̀ka yìí ló bò wọ́n! Oòrùn á pa wọ́n. Ohun gbogbo tó bá ń fò á máa rí wọn!"

"Yọ ọwọ́ rẹ lára mi."

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọmọ ni wọ́n."

Ó dúró, ó sì wò mí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò gbé ohùn sókè rárá. "Ọmọ. Kí ni ìwọ mọ̀ nípa ọmọ? Èyí tí o lóyún rẹ̀ kò dúró. Ọkọ tí ì bá fún ọ ní òmíràn sá lọ. Ọmọ ẹyẹ lo wá ń kú fún."

Ilé rẹ̀ ni oyún náà ti bàjẹ́. Òun ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, òun ló di ọwọ́ mi mú níbẹ̀, ó sì sunkún jù mí lọ. Mo ti ń fi ìyẹn dárí ọ̀pọ̀ nǹkan jì í láti ìgbà náà. Mo dúró síbẹ̀, ó sì gé ẹ̀ka kẹta.

Mo já sísọ́ọ̀sì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jà fún un. Ó ti rí ìmọ́lẹ̀ tó ń fẹ́. Ó gbé kámẹ́rà sójú. Àwọn ọmọ ẹyẹ náà, bí òjìji wa ṣe bọ́ sórí wọn, wọ́n na ọrùn, wọ́n la ẹnu, wọ́n rò pé ìyá wọn ló dé.

Ẹyẹ dúdú onírù gbọọrọ kan wà tó kún gbogbo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí níwájú ilé ìtajà ní Dallas, tó máa ń ṣa ìyókù oúnjẹ jẹ, tí igbe rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kùn tí kò ní epo. A máa ń rí wọn lóko náà. Ọ̀kan ti ń wò wá láti orí igi. Kò bẹ̀rù wa. Ó fò wálẹ̀, ó bà sórí ẹ̀ka tí a gé, ó na ọrùn, ó sì fi ẹnu gbé ọmọ kan bí ẹni mú ẹ̀pà nínú àwo.

Mo ké. Mo fẹ́ sáré síwájú, ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì rẹ̀ gbá ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì ń tẹ kámẹ́rà.

"Má mira! Má mira, mo ti ń rí i!"

Ẹyẹ dúdú náà fò lọ. Kó tó di pé mo já ara mi gbà, ó ti padà mú èkejì. Mo ju òkúta, mo pariwo, mo tú aṣọ ìwérí mi, mo sì ń gbìyànjú láti fi í bo ọmọ kan tó kù nínú ìtẹ́ náà, kí n fi so àwọn ẹ̀ka mọ́ra. Ẹ̀gún ń gún mi. Ìyá ẹyẹ ń fò yí orí wa ká, ó ń ké ohun kékeré kan, ohùn tí kò tó nǹkan, kòkòrò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Igbe mi ni màmá òyìnbó gbọ́. Ó wa ọkọ̀ kékeré aláìnílẹ̀kùn tó fi ń káàkiri oko dé ọ̀dọ̀ wa, ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tí mo dì. Ohun tó rí ni èmi, tí mo tẹrí sínú igbó, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ kan, aṣọ mi lórí ìtẹ́, ewé tútù nílẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká.

"Kí lo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ló gé e, Mà."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ wo?"

Mo nawọ́ sí i. Màmá wò ó, ó tún wò mí. "Obìnrin yìí? Ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ òun ni ọ́. Ó ní òun ló ya gbogbo àwòrán tí o ti ń fi hàn mí, pé ìwọ kàn ń bá òun ru ẹrù ni."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá yé mi. Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ojú á tì í. Ohùn òwú rẹ̀ ló gbé jáde.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Mà. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, 'sister' ni gbogbo wa ń pe ara wa. Ohun tó ń sọ nìyẹn. Mo kìlọ̀ fún un kó má gé e. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, mo kàn ń mú un mọ́ra ni."

"Irọ́ ni! Ìyá kan náà ló bí wa!"

A kò jọra. Òun jọ ìyá wa, èmi jọ bàbá. Orúkọ ọkọ oníkálukú là ń jẹ́. Òyìnbó arúgbó náà ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta kókó, òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gún ń sàn lápá mi, bí mo sì ṣe ń ké sí i ni mo túbọ̀ ń dà bí òpùrọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró jẹ́ẹ́ nínú bàtà funfun rẹ̀. Màmá wo sísọ́ọ̀sì tó wà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́." Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi." Ó ní kí àwa méjèèjì kúrò lórí ilẹ̀ òun.

Nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi tan amúlétutù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn orin ìjọ.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀ yín ni mí?"

"Kí ni kí n sọ? Ṣé o kò ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ mi rí ni? Ta ló ń fọ abọ́ mi fún ọdún mẹ́rin?" Ó wo dígí, ó yà sí ọ̀nà kejì. "Ìwọ lo fẹ́ tẹ́ mi lójú òyìnbó, tí ò ń nawọ́ sí mi bí olè. Ọlọ́run ló yọ mí."

Ó dúró ní ilé gáàsì, ó ra ọ̀rá ẹ̀pà méjì, ó fún mi ní ọ̀kan. Mo gbé e sórí itan títí mo fi délé.

Láàárín ọ̀sẹ̀, ọ́fíìsì wa pè mí pé màmá náà ní òun kò fẹ́ nọ́ọ̀sì yẹn mọ́. Wọ́n bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo ṣàlàyé, ọmọbìnrin tó wà lórí fóònù ní, "Nítorí ẹyẹ?" Wọ́n fún mi ní bàbá kan ní Irving dípò rẹ̀. Mo wakọ̀ kọjá ní oko náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti fi ṣéènì há géètì. Màmá wà lórí àga rẹ̀, mo juwọ́ sí i, ó dìde, ó sì wọlé, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Láti ọ̀nà ni mo ti rí i pé ẹni tó ń dì í kò mọ̀ ọ́n dì.

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n gbé àwòrán ẹ̀gbọ́n mi sójú tẹlifíṣàn. Aláràbarà ni, tó dìde dúró lórí koríko, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì nà gbalaja, ẹnu rẹ̀ là sókè. Ó ti gé fóònù kúrò nínú rẹ̀. Pásítọ̀ ní, "Ẹ wo bí ẹyẹ lásánlàsàn ṣe ń na ọwọ́ ìyìn sí Olúwa rẹ̀! Ìwọ ńkọ́, tó o ní ọwọ́ méjì?" Gbogbo ìjọ na ọwọ́ sókè. Obìnrin tó jókòó tì mí ń sunkún. Ó gún mi ní ìgúnpá, ó ní kí n na ọwọ́ mi.

N kò lọ sí Rowlett fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Ìyá wa ló pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ohùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́.

"Mo gbọ́ pé o pe ẹ̀gbọ́n rẹ ní òpùrọ́ níwájú òyìnbó."

"Màmi, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ ni mí."

"Bó bá pè ọ́ ní ajá ńkọ́? Ta ló mú ọ dé ọ̀hún?"

Mo gbé fóònù sí etí kejì.

"Mo ní ta ló mú ọ dé ọ̀hún?"

"Àǹtí ni, Mà."

"Lọ bẹ̀ ẹ́. Kí n tó kú, kí n gbọ́ pé ẹ ti parí ẹ̀. Ẹyẹ! Àbí orí rẹ ti dàrú ni?"

Mo lọ. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti gba ibẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní pálọ̀, ó ń bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa àríyànjiyàn ẹgbẹ́ obìnrin. Mo kúnlẹ̀. Ó rí mi, ó gbé ìka kan sókè pé kí n dúró ná, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó alàgbà kan, wọ́n sọ ti ẹni tí yóò sè, wọ́n tún padà sórí ìyàwó alàgbà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, èyí tí mo wẹ̀ láti kékeré, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó rí mi nílẹ̀, ó dúró. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá nǹkan mi ló sọnù. Mo ní rárá. Ó mú omi nínú fíríìjì, ó sì padà sókè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí pé mo pè yín ní òpùrọ́."

"Ṣé òpùrọ́ ni mí?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Rárá, Mà."

Ó fọwọ́ kàn mí lórí. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́tipẹ́, Ọlọ́run kò fẹ́ kí a máa di kùnrùngbùn. Ó ní kí n dìde, ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Mo bu díẹ̀, mo jókòó síbi tábìlì, ebi ń pa mí lóòótọ́. Ó jókòó kọjú sí mi, ó ń wò mí bí mo ṣe ń jẹun, ó sì béèrè bóyá mo mọ ibòmíràn tí àwọn ẹyẹ yẹn máa ń bà sí.

Mo ní n kò mọ̀. Irọ́ ni, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ fa abọ́ mi mọ́ra, ó bu ẹran kan sí i, ó sì tì í padà sọ́dọ̀ mi.